Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìwé Ìnáwó fún Ìrìn Àjò Orílẹ̀-Èdè Mẹ́ta

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a kọ́ bí a ti ń ṣírò èrè ọjà. Ẹ ti mọ nọ́ńbà kọ, ẹ sì ti lè to nọ́ńbà lé ara wọn kí ẹ ṣe àròpọ̀ wọn. Lónìí a ó lo ọgbọ́n kan náà fún nǹkan mìíràn: bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè rìn dé Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ mìíràn, kí ó sì padà sílé láìjẹ gbèsè.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, "Tíṣà, ṣé ti olówó kọ́ nìyẹn?" Rárá o. Kì í ṣe àjò tí ó jìnnà ni ó ń jẹ owó ẹni tán, bí kò ṣe èyí tí a kò kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ó ti ṣe mí rí.

1. Ohun tí ojú mi rí ní Lomé

Ní ọdún 1996, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan pinnu pé a ó fi àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ rìn dé Accra, olú ìlú Gánà. A kó owó oṣù méjì jọ, a dì í sínú àpò kan ṣoṣo, a gbéra. A kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ṣebí olùkọ́ ni wá? A ní a ó máa ṣírò rẹ̀ lórí.

Nígbà tí a dé Kútọnù, gbogbo nǹkan ni ó wù wá. A ra aṣọ, a ra bàtà, a jẹun ní ilé oúnjẹ tí ó ní fáànù. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ní Lomé, olú ìlú Tógò, a da owó sórí ẹní, a kà á. Kò lè gbé wa dé Accra. Èyí tí ó tún burú jù ni pé kò lè gbé wa padà sí Èkó. Òru méjì ni a fi sùn ní gáréèjì. Búrẹ́dì àti omi ni oúnjẹ wa.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá oníṣòwò kan tí ó ń ta aṣọ gbọ́ tí à ń sọ Yorùbá. Ó bi wá pé kí ni ó ṣe wá, a sì rò fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Olùkọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì? Ta ni ó wá kọ́ yín ní ìṣirò?" Ojú tì wá. Ó fún wa ní oúnjẹ. Nígbà tí a jẹun tán, ó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún wa.

Kùmásí ní ilẹ̀ Gánà ni ìyá yìí ti ń tajà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà ìgbà náà, tí Dókítà Busia jẹ́ olórí rẹ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó kúrò ní ìlú. Ìyá kò ní ìwé. Ó ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ó di ẹrù, ó jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jẹ ẹ́ lówó pọ̀, orúkọ wọn àti iye tí wọ́n jẹ kò sì sí níbì kankan àfi nínú orí rẹ̀. Nígbà tí ó ránṣẹ́ sí wọn láti Lomé, àwọn díẹ̀ san. Àwọn kan ní iye náà kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ní àwọn kò jẹ nǹkan kan. Ìyá ní, "Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, ẹnu la fi ń jà á. Ẹnu tó bá le jù ló sì ń borí."

Lẹ́yìn èyí ó mú owó ọkọ̀ wa jáde. Kí ó tó kó o lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a kọ ọ́ sí ìwé: iye owó, ọjọ́ tí a gbà á, ọjọ́ tí a ó san án. Èmi ni mo kọ ọ́. Òun kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó kàwé díẹ̀ ní Kùmásí pé kí ó kà á sókè. Ọmọ náà kà á, ó ní n kò kọ ọdún sí i. Wọ́n dá ìwé náà padà fún mi kí n tún un kọ.

A padà sílé, a sì fi owó náà ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ tó pé. Láti ìgbà náà, n kì í jáde lọ sí àjò kankan láìkọ ìwé ìnáwó.

2. Ọ̀nà tí a ó gbà

Láti Èkó, à ń gba Bàdágìrì lọ sí ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ tí àwọn àgbà mọ̀ sí Dàhòmì títí wọ́n fi yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 1975. Láti Èkó dé Kútọnù jẹ́ nǹkan bí 120 kìlómítà. Láti Kútọnù dé Lomé jẹ́ nǹkan bí 150. Láti Lomé dé Accra jẹ́ nǹkan bí 200. Ẹ ro ó pọ̀, ẹ ó rí i pé kò tó 500 kìlómítà. Ẹnubodè mẹ́ta ni a ó kọjá: Ṣẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji àti Aflao. Aflao súnmọ́ Lomé tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà ní Lomé lè fẹsẹ̀ rìn wọ Gánà.

Ẹni tí ó bá ń lọ nígbà àkọ́kọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó kọ́kọ́ sùn ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ sí Kútọnù. Wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀, nítorí náà ẹ lè ná ọjà, ẹ sì lè béèrè ọ̀nà láìwá ògbufọ̀. Mọ́sálásí ńlá kan wà níbẹ̀ tí a kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Bùràsílì. Àwọn Àgùdà, ìyẹn ìran àwọn tí ó ti oko ẹrú Bùràsílì padà wálé, ni ó mú irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ẹni tí ó bá dúró ní ìta wò ó kò ná kọ́bọ̀.

Nítòsí Kútọnù ni Ganvié wà, ìlú tí a kọ́ sórí òpó nínú ọ̀sà Nokoué. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń débẹ̀. Ẹ ná owó ọkọ̀, ti àlọ àti ti àbọ̀, kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan wọ inú rẹ̀.

Wídà wà lójú ọ̀nà Lomé. Ní etí òkun ibẹ̀ ni wọ́n ti kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sínú ọkọ̀ ẹrú, àwọn Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà gàgàrà kan síbẹ̀ fún ìrántí, wọ́n pè é ní Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò mọ̀ pé oore ńlá ni kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀.

Ní Accra, ẹ lè rí ibi tí wọ́n sin Kwame Nkrumah sí, ẹni tí ó ṣe olórí Gánà nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957. Ilé olódi Elmina, tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1482, tún wà níwájú. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà mìíràn bí owó kò bá tó.

Ẹ kíyè sí aago. Aago Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀ dọ́gba, ṣùgbọ́n aago Tógò àti Gánà fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Nígbà tí ó bá lu 8 ní Kútọnù, 7 ni ó lù ní Lomé. Ní àlọ, ẹ ó jèrè wákàtí kan. Ní àbọ̀, ẹ ó pàdánù rẹ̀, ilẹ̀ sì lè ṣú bá ẹni tí kò mọ̀.

3. Ìwé tí ó yẹ kí a mú lọ́wọ́

Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Dákà. Àdéhùn náà ni pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Owó físà ti kúrò nínú ìnáwó wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣì í gbọ́ o. Àdéhùn náà kò ní kí a lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun méjì ni ó béèrè: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé ìlera. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àyè. Ẹ rántí ìyá Kùmásí. Ẹ sì rántí pé ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé, àwọn ará Gánà sì pọ̀ nínú wọn. Ìwé ni ó ń gba àlejò sílẹ̀.

Ìwé ìlera ni káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ní ọjọ́ 10 kí ẹ tó dé ẹnubodè, nítorí káàdì kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọjọ́ 10 tó pé. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Bí ẹnì kan bá sọ pé káàdì yín ti gbó, kí ẹ ra òmíràn, ẹ fi ọjọ́ tí a kọ sí i hàn án. Ẹ má sì ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Àìsàn kì í ka ayédèrú ìwé.

Kí ẹ tó san owó ọkọ̀, ẹ béèrè bóyá ọ̀nà ṣí. Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọjà láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Gánà ti tirẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, ó sì di oṣù kẹta ọdún 2022 kí ó tó ṣí i. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

4. Owó ilẹ̀ mìíràn

Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná owó kan náà, sẹ́fà. Gánà ń ná sídì. Nítorí náà, bí sẹ́fà bá ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ ní Hilla-Condji, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ó ná an ní Lomé. Ìgbàkígbà tí a bá pààrọ̀ owó, ẹni tí ó bá wa pààrọ̀ rẹ̀ a jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pàdánù díẹ̀. Ẹni tí ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà pàdánù púpọ̀.

Ojú a máa tan ènìyàn nínú owó àjèjì. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ìṣirò. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, fún ẹ̀kọ́ ni, nítorí owó ń yí padà lójoojúmọ́. Ká sọ pé 1,000 sẹ́fà jẹ́ ₦2,500. Nígbà náà, oúnjẹ tí wọ́n pè ní 800 sẹ́fà jẹ́ ₦2,000. Ojú rí 800, ọkàn ní kò wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń lọ! Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé yín:

500 sẹ́fà = ₦1,250
1,000 sẹ́fà = ₦2,500
5,000 sẹ́fà = ₦12,500

Lẹ́yìn náà, ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti òní, ẹ fi í sínú àpò aṣọ. Ti ọ̀la, ẹ fi í sí abẹ́ aṣọ. Ti ìpadàbọ̀, ẹ rán an mọ́ ibi tí ẹ kò lè tètè dé. Ẹ má kà á lójú ọjà.

5. Ìwé ìnáwó

Wàyí o, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ jẹ́ ká kọ ìnáwó ẹnì kan fún ọjọ́ 8, òru 7: òru 3 ní Bẹ̀nẹ̀, òru 1 ní Tógò, òru 3 ní Gánà. Iye wọ̀nyí náà, àpẹẹrẹ ni. Ẹ lọ béèrè ti ọjọ́ tí ẹ ó lọ ní gáréèjì àti lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé.

Owó ìpadàbọ̀, Accra sí Èkó: ₦60,000
Owó ọkọ̀ àlọ, ẹsẹ̀ 4: ₦45,000
Ibùsùn, òru 7, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦15,000: ₦105,000
Oúnjẹ, ọjọ́ 8, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦8,000: ₦64,000
Ọkọ̀ inú ìlú àti owó ìran wíwò: ₦40,000
Àròpọ̀: ₦314,000
Owó àìròtẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá: ₦31,400
Gbogbo rẹ̀: ₦345,400

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. Owó ìpadàbọ̀ ni a kọ́kọ́ kọ, òun náà ni a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Àwọn àgbà ní àjò kò lè dùn kí onílé má relé. Owó yìí kì í ṣe owó oúnjẹ, kì í ṣe owó aṣọ. Bí ó ti wù kí ọjà wu ni tó, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Owó àìròtẹ́lẹ̀ ni ti àìsàn, ọkọ̀ tí ó bàjẹ́, tàbí òru kan tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Bí a kò bá ná an, a gbé e padà wálé. A kò ka owó ìwé ìrìnnà àti ti abẹ́rẹ́ mọ́ èyí, nítorí ọ̀pọ̀ ìrìn àjò ni ẹ ó fi wọ́n ṣe.

₦345,400 lè dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi ₦34,540 pamọ́ lóṣooṣù yóò kó o jọ ní oṣù 10. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

6. Bí a ṣe lè dín ìnáwó kù

Ẹ lọ ní méjìméjì. Yàrá tí ẹnì kan ń san ₦15,000 fún, ẹni méjì a san ₦7,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí ₦105,000 ti di ₦52,500.

Ẹ mú àpò kan ṣoṣo, irú èyí tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Aṣọ mẹ́ta tó: ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan nínú àpò. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ yóò san owó ẹrù, yóò san owó alábàárù, ojú yóò sì máa wò ó ní ẹnubodè bí oníṣòwò.

Ẹ máa rìn ní ọ̀sán. Ẹni tí ó dé ìlú àjèjì lóru kò lè ná owó yàrá, èyí tí wọ́n bá pè ni yóò san.

Ẹ jẹun níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń jẹun. Ẹ mú gààrì díẹ̀ dání. Ẹ̀bà kò sí lẹ́yìn wa níbikíbi ní ọ̀nà yẹn, ṣùgbọ́n gààrì tí a mú láti ilé kì í béèrè owó.

Ní Kútọnù, ọ̀kadà ni wọ́n ń pè ní zemidjan. Ní Accra, mọ́tò akérò kékeré ni trotro, òun ni ó sì rọ̀ wá lọ́rùn ju takisí lọ. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó gun ohunkóhun.

7. Kíkà àti kíkọ lójú ọ̀nà

Nísinsìnyí ni ìwé tí ẹ kọ́ yóò sanwó fún yín. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí dájú, kí ojú yín lè dá wọn mọ̀ níbi tí wọ́n bá kọ wọ́n sí:

ENTRÉE: ìwọlé
SORTIE: ìjáde
COMBIEN: èló ni?
REÇU: ìwé ẹ̀rí pé a ti san owó

Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, òǹtẹ̀ méjì ni wọ́n ń lù: ti ìjáde láti ilẹ̀ kan, àti ti ìwọlé sí èkejì. Ẹnubodè mẹ́ta jẹ́ òǹtẹ̀ 6 ní àlọ, 6 ní àbọ̀. Ẹ má kúrò níwájú òṣìṣẹ́ kí ẹ tó ṣí ìwé wò. Ṣé òǹtẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé ọjọ́ òní ni ó wà lára rẹ̀? Ẹni tí òǹtẹ̀ rẹ̀ dín kan, ẹnubodè tí ó kàn ni yóò ti mọ̀, ó sì lè ná an ní owó àti ọjọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kan, ẹ fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí. Ẹ má bá a jà.

Ní alalẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ná lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ná jù lónìí, ẹ dín in kù lọ́la. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kútọnù ní ọdún 1996, n kì bá tí sùn ní gáréèjì Lomé.

Ní ọdún 1998 mo tún rin ọ̀nà náà, mo sì dé Accra. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, mo yà kí ìyá oníṣòwò yẹn ní Lomé. Mo mú ìwé ìnáwó mi jáde, mo fi hàn án. Ó fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́, ó ní, "Ka èyí fún mi." Mo kà á: "Owó ìpadàbọ̀." Ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. O ti wá di olùkọ́ wàyí."

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun

Ìwé ìrìnnà: ìwé tí ìjọba fún ni láti fi wọ ilẹ̀ mìíràn.
Ẹnubodè: ibi tí ilẹ̀ kan parí sí, tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.
Òǹtẹ̀: àmì tí òṣìṣẹ́ ìjọba lù sínú ìwé.
Àìròtẹ́lẹ̀: ohun tí a kò mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀.

Àwọn ìbéèrè

1. Kí ni ó fà á tí owó fi tán lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ méjì náà ní Lomé?
2. Kí ni ìyá oníṣòwò náà pàdánù nítorí pé kò kọ gbèsè sílẹ̀?
3. Ọjọ́ mélòó ni àdéhùn ọdún 1979 fún àlejò láìgba físà? Ìwé méjì wo ni ó béèrè?
4. Bí 1,000 sẹ́fà bá jẹ́ ₦2,500, èló náírà ni yàrá tí wọ́n pè ní 3,000 sẹ́fà fún òru kan? Èló ni fún òru méjì?
5. Nígbà tí ó bá lu 12 ọ̀sán ní Èkó, aago mélòó ni ó lù ní Accra?
6. Èwo ni a kọ́kọ́ ń kọ nínú ìwé ìnáwó? Kí ni ìdí rẹ̀?

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ yan ìlú kan tí ẹ fẹ́ dé, ìbáà jẹ́ Àjàṣẹ́ nìkan. Ẹ lọ béèrè owó ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ fa ìlà sínú ìwé yín bí a ti ṣe é lókè, kí ẹ kọ ìnáwó ọjọ́ 3. Ẹ mú un wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má gbàgbé láti kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sí i.